Ọjọ́ Ẹtì ní Pelourinho

Ilé tí a dé sí ní Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ní ìlú Salvador, ti wà láti ìgbà tí Salvador ṣì jẹ́ olú ìlú Brazil, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Rio lọ́dún 1763. Oníṣòwò Potogí kan ló kọ́ ọ. Òtẹ́ẹ̀lì kékeré ni wọ́n sọ ọ́ dà báyìí, yàrá rẹ̀ kò pọ̀, owó rẹ̀ kò sì kéré. Bàbá Ìbejì ti ń tọ́jú owó náà pamọ́ tipẹ́ fún àyájọ́ ìgbéyàwó wa, kò jẹ́ kí n gbọ́. Ọlọ́run á máa pèsè fún un. Ó ti pẹ́ tí àwa méjèèjì ti sùn mọ́jú láìsí ọmọ tó ń kanlẹ̀kùn.

Òkè pátápátá ni yàrá wa wà. Pákó ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, ó dúdú, ó ń dán, ó sì máa ń ké tí ẹsẹ̀ bá ti kàn án. Fèrèsé rẹ̀ ga ju ènìyàn lọ; tí a bá ṣí i, omi Todos os Santos là ń wò lọ́ọ̀ọ́kán, afẹ́fẹ́ òkun á sì máa fẹ́ wọlé. Lára ògiri àtẹ̀gùn, táìsì búlúù àti funfun láti ilẹ̀ Potogí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ya ọdẹ, ajá àti àgbọ̀nrín sí i. Níbì kan, ẹni tó tún un ṣe láyé ìgbà kan to táìsì méjì sípò ara wọn, ni orí àgbọ̀nrín bá wà lọ́rùn ajá. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo ibi tó gún régé lọ. Mo dúró tì í títí Bàbá Ìbejì fi ké sí mi pé, "Ìyá Ìbejì, oúnjẹ ń tutù o."

Ìsàlẹ̀ la ti jẹun àárọ̀. Ògiri òkúta tó nípọn ló wà níbẹ̀, fèrèsé kéékèèké onírin sì wà lókè téńté. Nínú irú ilé báyìí láyé àtijọ́, olówó àti ìdílé rẹ̀ ló ń gbé òkè. Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù, ibi ìkẹ́rùsí àti ibi tí àwọn ẹrú ń sùn. Ìwé pélébé tí wọ́n fi sórí ibùsùn wa ròyìn oníṣòwò náà, ó ròyìn igi jacarandá tí wọ́n fi gbẹ́ àga. Kò dárúkọ àwọn tó ru òkúta rárá. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Mo sọ ọ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé kọfí wá. Ó ní àdúgbò yìí gan-an ni ìyá ìyá òun ń gbé kí ìjọba Bahia, ìpínlẹ̀ tí Salvador wà, tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe Pelourinho lọ́dún 1992, tí wọ́n fún àwọn tálákà lówó táṣẹ́rẹ́ pé kí wọ́n kẹ́rù wọn.

A jáde. Ọjọ́ Ẹtì ni òní, aṣọ funfun lọ̀pọ̀ èèyàn wọ̀, nítorí Ọbàtálá, tí wọ́n ń pè ní Oxalá. Obìnrin kan tó wé gèlè funfun ń dín àkàrà nínú epo pupa. Ó la àkàrà náà sí méjì, ó ki vatapá, ìyẹn ọbẹ̀ kíki kan, àti edé gbígbẹ bọ inú rẹ̀. Òórùn yẹn, ẹni tó bá dijú á rò pé Ìsàlẹ̀ Èkó lòun wà. Ọkọ mi jẹ ẹ́, ó tún rà sí i.

A dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Rosário dos Pretos, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ adúláwọ̀ fi ọwọ́ ara wọn kọ́. Ojú pópó tó wà níbẹ̀ ni òpó tí wọ́n ti ń na ẹrú wà nígbà kan. Mo bi Bàbá Ìbejì pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó tiẹ̀ yẹ ká máa jayé nílé yẹn?" Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ní kí àwọn èèyàn wa máa sùn. Òkè làwa ń sùn." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ wa nílé yẹn kò ba ìrántí wọn jẹ́.

Ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi ni Èkó. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá níbí lóṣù Kìíní ọdún 1835, ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ kúrò ní Bahia, wọ́n padà sílé. Àwọn la pè ní Àgùdà. Ilé tí ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n kọ́ ni wọ́n kọ́ sí Èkó, ṣùgbọ́n tara wọn ni wọ́n kọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ilojo Bar ní Tinúbú jẹ́ ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ìjọba kà á mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè lọ́dún 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o lulẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Ilé ọ̀gá ṣì dúró níbí, wọ́n ń kùn ún ní ọ̀dà. Ilé ẹni tó gba òmìnira la wó. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹ oúnjẹ alẹ́ tán, bó ti dùn tó.

Bàbá Ìbejì rán mi létí pé ilé João Esan da Rocha ṣì wà ní Kakawa, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú wá síbí, tó padà sílé, tó gbẹ́ kànga tí ará Èkó ń ra omi rẹ̀. Ó ní ká mú àwọn ìbejì lọ wò ó lásìkò ìsinmi ọdún. Mo ní rárá, ọ̀sẹ̀ tí a bá délé gan-an la ó lọ.