Ẹ kọ́kọ́ lọ kí aládìyẹ kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sí àṣá ẹ̀yìnkùlé yín

Oṣù tó kọjá ni wọ́n pa àṣá tí mo ń ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́yìn ilé wa n'Íbàdàn, ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ti ojú fèrèsé yín ya àṣá, àwòdì àti òwìwí, ẹ mọ bó ṣe ń rí nígbà tí ẹyẹ téèyàn ti ń retí bá bà sórí igi.

Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn ilé wa tí àwọn ẹ̀gà ti sọ di ìlú. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí n tó kó dé, àṣá náà sì ti ń wá jẹun níbẹ̀ kí n tó ra kámẹ́rà. Ẹni tó bá ní èmi ni mo ń fi ẹran pè é wá, irọ́ ló pa mọ́ mi. Polyboroides typus ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Aláwọ̀ eérú ni, ìlà wẹ́wẹ́ dúdú àti funfun wà ní ikùn rẹ̀, ìlà funfun kan sì dábùú ìrù rẹ̀ tó dúdú. Ojú rẹ̀ kò ní ìyẹ́, awọ yẹ́lò ni. Oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ká síwájú, ó ń ká sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tó fi lè rọ̀ mọ́ imọ̀ ọ̀pẹ, kó na apá méjèèjì kó má baà já bọ́, kó wá ki ẹsẹ̀ kan bọ inú ìtẹ́ ẹ̀gà, kó fa ọmọ ẹyẹ jáde. Bó ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ ni awọ ojú yẹn á máa pọ́n, títí yóò fi pupa bí ẹyìn. Ẹyìn gan-an sì tún wà nínú oúnjẹ rẹ̀.

Òwúrọ̀ Sátidé ni. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì ilé ìdáná, mo gbé lẹ́ńsì 300mm tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ lé etí fèrèsé. Ariwo ẹ̀gà gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ó ti ki ẹsẹ̀ bọ ìtẹ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n, mo sì ti ń tẹ kámẹ́rà lọ ràì. Mo kàn gbọ́ "pàù!" Imọ̀ ọ̀pẹ mì, ẹyẹ yí bìrí, apá òsì rẹ̀ kò ṣí mọ́. Àárín ewédú ló já bọ́ sí.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, apá kan nà gbalaja, ó la ẹnu ṣùgbọ́n kò ké. Èmi ló ń wò. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo sì ń rí i tí pípọ́n ojú rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, tí awọ yẹn ń padà sí yẹ́lò. Mi ò mọ ibi tí mo lè fọwọ́ kàn tí kò ní tún dùn ún sí i. Ọmọkùnrin kan fo odi wọlé tòun ti kànnàkànnà lọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá tó ń sin adìyẹ ní ilé kejì yọrí lókè odi.

"Ṣé ó ti kú, Àǹtí? Ó ti kó òròmọdìyẹ mi jẹ tán!"

Mo ní, "Ìyá, ẹyẹ tí mò ń ya fọ́tò rẹ̀ ni."

Wọ́n ní, "Olè lẹ ń ya ní fọ́tò? Akátá la kọ́kọ́ ń lé ká tó fàbọ̀ fún adìyẹ."

Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹyẹ náà kú lójú mi kí n tó rí dókítà ẹran pè.

Nítorí náà, aládìyẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kó tó kan lẹ́ńsì, kó tó kan ohunkóhun. Àwọn kan ti bi mí pé ṣé mi ò sọ fún ará ilé ni. Bàbá onílé wa mọ̀, gbogbo àwa tí a jọ ń gbé mọ̀. Ẹni tó wà ní òdìkejì odi ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí ẹran ọ̀sìn rẹ̀ ló ń ṣòfò. Ẹ mú fọ́tò dání lọ. Nígbà tí mo fi tèmi han Ìyá, àwòdì tí ìrù rẹ̀ là sí méjì, ẹlẹ́nu yẹ́lò, ló wà níbẹ̀ tó ń fi òròmọdìyẹ fò lọ. Mi ò ní búra pé àṣá tiwa kò gbé ìkankan rí. Mo ra nẹ́ẹ̀tì, a jọ fi bo àgò, òròmọdìyẹ kò sọnù mọ́. Àṣá mìíràn ti ń wá sórí ọ̀pẹ báyìí, ọmọkùnrin yẹn ló sì máa ń wá pè mí.

Ní ti fọ́tò fúnra rẹ̀, kò le. Ẹ ti wà níbi tí ẹ fara pa mọ́ sí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Fún ẹyẹ tó ń fò, ẹ má jẹ́ kí ìyára kámẹ́rà lọ sílẹ̀ ju 1/2000 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Tí ọyẹ́ bá mú kí ojú ọ̀run funfun, ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un lórí kámẹ́rà dé +1, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ dúdú lásán ni ẹyẹ máa jáde. Ẹ má gbé àkàbà sún mọ́ ìtẹ́ rẹ̀ láéláé. Téèyàn bá fẹ́ rí ẹyẹ dáadáa, igbó IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà n'Íbàdàn níbí, ó tó hẹ́kítà 350, kò sì sí kànnàkànnà ará ilé kejì níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀rọ̀ wa, ibẹ̀ sì ni aládìyẹ wà. Bí lẹ́ńsì yín bá tó mílíọ̀nù náírà, òkúta kan láti ilé kejì á parí ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí ní àdúgbò tí ọ̀pẹ náà wà, ẹ má bínú, mi ò ní sọ. Àwọn tó ń wá orí igún àti orí àṣá lọ tà fún lẹ́kulẹ́jà náà máa ń wo fọ́tò. Ẹ yọ orúkọ àdúgbò kúrò lára tiyín náà kí ẹ tó gbé e síta.