Ẹni tó ń bú ọjà mi ni mo ń wá

Fírísà ni mo fẹ́ tà, irú èyí tó gùn gbọọrọ bíi pósí. Bó ṣe jọ pósí náà ò burú, torí òkú Èkó ni mo ń kó sínú rẹ̀ láti 2017: Titus, kòtè, pánlá. Gbogbo àdúgbò wa ní Òkè-Ìlá l'Adó ló mọ̀ mí mọ́ ọn. Nígbà tó di òpin oṣù karùn-ún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò, lítà kan tí à ń rà ní owó tí kò pé 200 náírà sì fò kọjá 500. Jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA tí mo fi ń gbé fírísà ró nígbà tí NEPA bá mú iná lọ wá di alájẹkì. Mo ṣírò owó epo, mo ṣírò èrè orí páálí ẹja kan, mo sì rí i pé ẹja ló ń jẹ mí, èmi kọ́ ni mò ń jẹ ẹja. Mo ní kí n tà á.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa ta àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo ta fóònù mi àtijọ́, OLX ni orúkọ tó wà lẹ́nu gbogbo wa, kó tó di pé Jiji gba ọjà náà lọ́wọ́ wọn ní 2019. Ẹni tó rà á pàdé mi ní Fájuyì lọ́sàn-án gangan, ó tan án, ó fi pe ìyàwó rẹ̀, ó sanwó, ó lọ. Ìyẹn ló tàn mí jẹ. Mo rò pé bí títà ṣe máa ń rí nìyẹn.

Mo nu fírísà náà dáadáa, mo ya fọ́tò mẹ́rin, mo gbé e sí Jiji àti Facebook Marketplace, mo tún fi sí ojú WhatsApp mi: 185,000 náírà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èèyàn mọ́kànlá ti béèrè pé, "Ṣé ó ṣì wà?" Inú mi dùn débi pé mo gún iyán lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo dá àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá lóhùn. Àwọn mẹ́ta péré ló tún sọ̀rọ̀.

Ó pẹ́ kí ọmọ mi tó là mí lóye pé níbi tí wọ́n ti ń wo ọjà, wọ́n ti kọ ìbéèrè yẹn sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó ń wò kàn máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ni, á sì bọ́ sórí ọjà míì. Kì í ṣe ìwà ìkà. Ó dà bí ẹni tó ń kọjá l'Ọjà Ọba, tó fọwọ́ kan ata, tí kò dúró. Mo wá kọ èsì kan pamọ́ sórí fóònù: "Ó wà. Òkè-Ìlá ni, l'Adó. Àléébù rẹ̀ nìyí. Ìgbà wo lẹ máa wá wò ó?" Ẹni tí kò bá dáhùn èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, mi ò bínú sí i, mi ò sì ní lé e.

Àwọn ojúlùmọ̀ ló le jù. Àlejò á ná ọjà, á bá tirẹ̀ lọ. Ojúlùmọ̀ á ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi gbé e pamọ́, bí owó oṣù bá ti wọlé." Mo gbé e pamọ́ fún arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, mo lé oníbàárà méjì. Owó oṣù wọlé lóòótọ́, ó fi ra aṣọ ẹbí. Ó tiẹ̀ wọ̀ ọ́ wá kí mi. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní kí n pa nǹkan mọ́ gbọ́dọ̀ fi owó díẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rín ni mo máa ń fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n mò ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti ọkùnrin tí kò ná ọjà.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ló pè. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó ní Àkúrẹ́ lòun wà, òun fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ. Kò béèrè ọdún tí mo rà á. Kò béèrè bóyá ó ń dì. Mo pe 185,000, ó ní, "Kò sí wàhálà, mọ́mì, ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì yín ránṣẹ́." Inú mi kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu tí mi ò lè pè lórúkọ. Ìyá tó bí mi ta ẹ̀gúsí l'Ọjà Ọba fún ogún ọdún, mi ò sì rí ará Èkìtì kan rí tó san iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè. Àwa tí à ń ná iyọ̀!

Ní agogo mẹ́rin ọ̀sán, dírẹ́bà kan gbé píkọ́ọ̀pù wá pẹ̀lú ọmọkùnrin méjì. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni fóònù mi dún. Àlẹ́ẹ̀tì ni. Orúkọ báńkì mi ló wà lórí rẹ̀, 185,000 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ti gbé ẹ̀gbẹ́ kan fírísà kúrò nílẹ̀. Bàbá onílé wa, tí wọ́n ń gbatẹ́gùn lábẹ́ igi máńgòrò, ni wọ́n sọ pé, "Ìyá Ìbejì, ẹ ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí." Mo kà á. Ó ní owó tó wà nínú àkáǹtì mi báyìí jẹ́ 612,000 náírà.

Ẹ̀yin ará, bí mo bá ní 612,000 ní báńkì, kí ni mò ń ta fírísà fún? Owó tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kò pé 7,000. Bàbá dìde, wọ́n rọra rìn wá, wọ́n jókòó sórí fírísà. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ gbé e, kó gbé e tòun tàwọn.

Mo tẹ kóòdù báńkì láti wo àkáǹtì, nẹ́tíwọ̀kì ń yí, ó ń yí. Ará Àkúrẹ́ mi ń pè láìdákẹ́, ohùn rẹ̀ ò tutù mọ́: mò ń fi àkókò òun ṣòfò, mò ń fi òun pe olè. Nígbà tó jàjà ṣí, 6,840 ni mo rí. Dírẹ́bà ò mọ nǹkan kan. Orí fóònù ni wọ́n ti háyà rẹ̀, wọn ò sì tíì san kọ́bọ̀ fún un. Òun ló ṣe mí láàánú jù. Bàbá fún un lómi mu, ó wa ọkọ̀ òfìfo rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, àlẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó. Ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́, orúkọ tó sì wu ẹni tó mọ ọ̀nà rẹ̀ ló lè fi sórí rẹ̀. Inú áàpù báńkì yín tàbí kóòdù wọn ni kí ẹ ti wo iye tó wà níbẹ̀. Ẹ tètè mọ iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí oníbàárà tó dé. Bí nẹ́tíwọ̀kì ò bá dáa, kí gbogbo èèyàn jókòó.

Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ wá nítorí ọjà. Ọ̀kan ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn gidi ni mí, kí n ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù mi fún òun. WhatsApp mi ló fẹ́ gbà. Bí ẹ bá kà á fún un, orí fóònù tirẹ̀ ni WhatsApp yín máa ṣí, á sì máa fi orúkọ yín yá owó lọ́wọ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́. Àbúrò ọkọ mi kà á.

Obìnrin tó padà rà á, Ìlawẹ̀ ló ti wá, ó ń ta sóbò àti omi tútù. Orí fóònù ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọjà mi. Ó ní òun rí ìpẹtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nínú fọ́tò kejì. Ó ní bó bá dáa, kí ló dé tí mo fi ń tà á. Nígbà tó ní kí òun kọ́kọ́ bi àwọn ará "ulé" òun, ara mi balẹ̀. Ẹni tó bá pe ilé ní ulé, tiwa ni.

Mo ní kó wá láàárọ̀. Ẹni méjì ló ti wá ṣáájú rẹ̀ tí NEPA mú iná lọ lójú wọn, tí wọ́n rò pé mò ń fi NEPA bojú. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti kó píọ̀ wọ́tà sínú rẹ̀ láti alẹ́. Ó mú ọ̀kan, ó fi gbá ògiri, ó dún gbì. Kò yìn mí. Ó ki orí bọ inú fírísà, ó fimú fa á, ó ní, "Òkú Èkó." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá yọ 200 náírà nínú pọ́ọ̀sì, ó há a sáàárín ọmọrí àti rọ́bà, ó dé e, ó sì fà á. Owó náà ò yọ. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ yí fírísà po, ṣísẹ̀ ṣísẹ̀. Ní igun ọ̀tún lẹ́yìn, owó náà yọ bọ́rọ́. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Atẹ́gùn ń gba ibí wọlé." Ọdún mẹ́fà ni mo fi lo fírísà yẹn, mi ò mọ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti 120,000. Mo ní kó máa lọ, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Igun yẹn já mi sí 160,000. Owó wọlé, mo fojú mi rí i nínú áàpù, kí wọ́n tó gbé e. Mo ní kó jẹ́ kó dúró títí di alẹ́ kó tó fi iná sí i, kí ọ́ìlì inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lè padà sáyè rẹ̀. Ó ní, "Ẹ mọ ìyẹn, ẹ ò mọ ti rọ́bà."

Mo rò ó títí lẹ́yìn tó lọ. Ẹni tó fẹ́ lo nǹkan ló ń wá àléébù rẹ̀, torí òun ni iná máa lọ mọ́ lọ́wọ́, òun ni omi máa gbóná mọ́ lọ́wọ́. Olè ò nílò kí ọjà dáa, kò kúkú ní sanwó rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ àléébù ṣáájú iye owó báyìí, tí mo sì ń fi owó díẹ̀ lé e fún ẹni tó máa ná an.

Jẹnẹrétọ̀ náà ṣì wà ní pásẹ́ẹ̀jì wa. Ó ń jẹ ọ́ìlì díẹ̀, mo ti pààrọ̀ okùn tí wọ́n fi ń fà á, ọ̀kan nínú ihò tí wọ́n ń ki púlọ́ọ̀gì bọ̀ ò sì ṣiṣẹ́. 95,000. Ẹ wá bú u.