Pẹ́nì kan fún gírótà

Ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù Keje, 2025

Aago méjìlá òru ti kọjá. Òkúta wẹ́wẹ́ méjì jábọ́ láti inú bàtà mi nígbà tí mo bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì gbé wọn sórí tábìlì tí mo ti ń kọ èyí. Whitstable, ìlú etíkun kan ní Kent, ni mo lọ lónìí, láti to gírótà onìkarahun bí a ti ń ṣe lọ́mọdé. Ọkọ̀ ojú irin tó gbéra ní Victoria ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo wọ̀, èmi nìkan. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ tẹ̀ lé mi, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n dá lọ. Ohun tí mo gbé dání kò ju àbẹ́là kan, ìṣáná, búrẹ́dì díẹ̀, àti agolo kékeré kan tó ti wà lọ́wọ́ mi láti ọdún 1971.

Àwọn tó mọ̀ mí ní Ìbàdàn mọ̀ pé Ìlú Ọba ni wọ́n bí mi sí. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ ni pé ilé àwọn òbí mi kọ́ ni mo gbọ́njú sí. Lọ́dún 1962, Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ń kọ́ ìṣirò owó lálẹ́. Màmá mi ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n háyà ní Lọ́ńdọ̀nù, onílé sì ti kìlọ̀ pé òun ò fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ. Wọ́n ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ń ṣe nígbà náà: wọ́n polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá alágbàtọ́ fún ọmọ oṣù mẹ́ta. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ wa ló gba ọ̀nà yẹn dé Kent, Sussex, Essex àti ibòmíràn. Àwọn kan jẹ ìyà níbẹ̀. Mo ti gbọ́ ìtàn wọn lẹ́nu wọn, n kò sì ní fi adùn tèmi bo ìkorò tiwọn mọ́lẹ̀. Èmi bọ́ sọ́wọ́ ire.

Opó ni alágbàtọ́ mi, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Nana ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ohun tí èmi náà sì ń pè é nìyẹn. Pọ́ùn mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni àwọn òbí mi ń fi ránṣẹ́. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí owó náà kò dé, tí Nana kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Òpópónà wa kò jìnnà sétí omi. Ilé onípákó ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n fún mọ́ra wọn bí eyín. Àwọn ọ̀nà tóóró wà láàárín wọn tí àwọn apẹja ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí ọkọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Squeeze Gut Alley, ẹ̀gbẹ́ ni àgbàlagbà tó bá sanra fi ń gbà á. Àwa ọmọdé a máa sáré já a láìwo iwájú. Gbogbo àgbàlagbà àdúgbò ló jẹ́ Aunty tàbí Uncle fún wa, ì báà má sí ẹ̀jẹ̀ láàárín wa. Wọ́n á so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn, wọ́n á fi kọ́ inú ihò lẹ́tà lára ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á fa okùn náà jáde. Bí mo bá sì hu ìwà tí kò dára ní ṣọ́ọ̀bù ìyá onísúìtì, Nana á ti gbọ́ kí ẹsẹ̀ mi tó kan ẹnu ọ̀nà.

Wọn kì í fi ẹnu sọ pé àwọn fẹ́ràn ara wọn. Ìtàn omíyalé ni wọ́n máa ń sọ. Lóru ọjọ́ 31 oṣù Kìíní, 1953, ìjì ti Òkun Àríwá wọ àwọn ìlú etíkun, ènìyàn 307 sì kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Whitstable, omi gba inú ilé kọjá. Àwọn tí ilé wọn ní àjà òkè fa àwọn aládùúgbò wọn gòkè, ẹbí mẹ́rin sì sùn nínú yàrá Nana títí ilẹ̀ fi mọ́. Ojú irin tó ti ìlú náà lọ sí Canterbury, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1830 tí wọ́n sì ti pa tì ní 1952, wọ́n tún jí i dìde fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nítorí pé omi ti ba èyí tó kù jẹ́. Nana máa ń sọ ìyẹn bí ẹni ń sọ ìtàn arúgbó kan tó dìde lórí àìsàn láti wá ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Nínú yàrá ìsàlẹ̀, ìlà kan wà lára ògiri tí Nana kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kùn. Ibẹ̀ ni omi ga dé. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ ìbí mi, á ní kí n wá fẹ̀yìn ti ibẹ̀, kó wo iye tó kù kí n ga tó omi.

Ìgbà òtútù ọdún 1962 wọ 1963 ni wọ́n gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òtútù náà pọ̀ débi pé òkun dì létí ìlú, ọ́ísítà, ẹran omi oníkarahun tí àwọn ènìyàn ń jẹun lórí rẹ̀, kú lọ́pọ̀lọpọ̀ nísàlẹ̀ omi. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn kan lọ́dún yẹn. Síbẹ̀ Nana sọ fún mi pé àwọn aládùúgbò ń gbé èédú wá, garawa kan lónìí, ìdajì garawa lọ́la, nítorí wọ́n gbà pé ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti ilẹ̀ oòrùn wá kò gbọ́dọ̀ rí òtútù.

Ọ̀rọ̀ irun mi ni mo fẹ́ kọ dáadáa, nítorí òun ni mo rò jù nínú ọkọ̀ lónìí. Nana kò mọ ohun tó máa fi irun mi ṣe. Ìyarun rẹ̀ ṣẹ́, ó ra òmíràn, ìyẹn náà ṣẹ́. Ẹ̀rù bà á pé òun ń pa mí lára. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lọ́jọ́ Àìkú, Màmá mi máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wá lẹ́yìn tí mo lé díẹ̀ lọ́dún kan, ó kúnlẹ̀ lórí òkúta ẹnu ọ̀nà láti kí Nana. Nana rò pé ó ṣubú ni, ó sì sáré fà á dìde. Màmá mi tún kúnlẹ̀, Nana tún fà á dìde, títí àwọn méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níbẹ̀. Màmá mi ní Yorùbá ló ti òun lẹ́nu jáde láìmọ̀: “Ẹ ṣeun, Mà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ.” Nana ní gbogbo rẹ̀ ló yé òun.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Màmá mi á jókòó síta, á fi mí sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, á yọ òòyà onígi jáde nínú báàgì, á sì dì mí ní ṣùkú. Àwọn aládùúgbò á jáde wá wò ó. Ilé kẹta sí tiwa ni bàbá arúgbó kan tó ń tún àwọ̀n apẹja ṣe. Ó gbé àga tirẹ̀ wá, kò sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan, ọwọ́ Màmá mi nìkan ló ń wò. Nígbà tó yá, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí irun náà ń tú, òun ló dúró ti Nana, tó fi ìka rẹ̀ tó le bí igi hàn án bí okùn kan ṣe ń gba abẹ́ èkejì. Láti ìgbà náà, Nana ló ń dì mí lórí láàárín oṣù. Kò gún tó ti Màmá mi, ṣùgbọ́n irun mi kò dá wúruwùru mọ́.

Ohun tí kò dùn wà níbẹ̀ náà. Ọmọkùnrin kan pè mí ní orúkọ kan nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, orúkọ tí n kò ní kọ síbí. Mo gba èbúté lọ sílé, mò ń sunkún. Obìnrin kan tó máa ń se ìgbín òkun níbẹ̀ rí mi, ó bi mí, mo sọ. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ épúróòní, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó fà mí lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ọmọ náà, ó kanlẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún ìyá ọmọ náà kò ju gbólóhùn kan lọ: ọmọ wa ni èyí. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Ọmọ wa. N kò mọ̀ nígbà yẹn pé àwọn mìíràn wà ní Ìbàdàn tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà nípa mi, tí wọn ò tíì rí mi rí, tí wọ́n sì ń ka ọdún.

Gírótà wá ńkọ́? Ọjọ́ 25 oṣù Keje ni ọjọ́ Jákọ́bù Mímọ́. Lọ́jọ́ yẹn, àwa ọmọdé Whitstable máa ń kó ìkarahun ọ́ísítà jọ, a ó tò ó lé ara wọn yípo bí òkìtì ọ̀gán, a ó fi ihò sílẹ̀ níwájú, a ó sì gbé àbẹ́là sínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ìmọ́lẹ̀ á máa yọ láàárín àwọn ìkarahun náà, funfun àti àwọ̀ eérú díẹ̀. A ó máa ké sí àwọn tó ń kọjá pé kí wọ́n rántí gírótà wa, kí wọ́n fún wa ní pẹ́nì kan. Pẹ́nì, tọ́rọ́, sísì nígbà míì tí ẹni náà bá ti mutí díẹ̀. A máa ń pín in dọ́gba, a sì ń ra súìtì mẹ́rin-mẹ́rin ní pẹ́nì kan-kan.

Lọ́dún 1971, gírótà mi bọ́ sọ́jọ́ Àìkú. Bàbá mi ti yege, ó ti ríṣẹ́ nílé, wọ́n sì ti ra ìwé ọkọ̀ òkun Aureol fún wa láti Liverpool sí Apápá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé mò ń lọ. Wọ́n jáde wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ níwájú gírótà mi, wọ́n ń ju owó sínú agolo. Bàbá aláwọ̀n fi sísì kan sí i. Obìnrin èbúté náà mú owó wá. Owó Gẹ̀ẹ́sì ti yí padà ní oṣù Kejì ọdún yẹn, pọ́ùn ti di ọgọ́rùn-ún pẹ́nì dípò 240, ṣùgbọ́n pẹ́nì àtijọ́ ńlá-ńlá yẹn ni wọ́n kó wá fún mi, bóyá nítorí òun ni mo fẹ́ràn. Lẹ́yìn tí mo kúrò níbẹ̀, ní 31 oṣù Kẹjọ, pẹ́nì yẹn di ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà mọ́. N kò ná ọ̀kan nínú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni àwọn òbí mi wá mú mi. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ aṣọ fífọ̀ nílé Nana, kì í yẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́bọ̀ yẹn ó fọ aṣọ. Ẹ̀yìnkùlé ló wà, ó ń sá a, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa, nígbà tí Bàbá mi gbé àpótí mi. Ó ti wọ̀n mí mọ́ ìlà omi láàárọ̀. Ó ku ìka mẹ́ta.

N kò bínú sí àwọn òbí mi. Wọ́n fi ọdún mẹ́sàn-án jìyà kí wọ́n lè mú mi délé, ilé náà sì gbà mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbé odindi ọdún kan láàárín agbo ilé tí èdè wọn kò yé mi. Nana ń kọ lẹ́tà títí ó fi kú lọ́dún 1984. Mo gbọ́ ikú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n sin ín.

Lónìí mo dúró níwájú ilé náà. Wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ búlúù tó rọ̀, àpótí kékeré onínọ́ńbà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ sí fún àwọn tó ń háyà ilé fún òpin ọ̀sẹ̀. Mo ka àpótí bẹ́ẹ̀ mọ́kànlá lójú ọ̀nà yẹn. Àwọn ọmọ ìlú ń pe àwọn tó ń ra ilé náà ní DFL, àwọn tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Kò sí ẹni tí mo lè bi bóyá ìlà omi ṣì wà lára ògiri, tàbí wọ́n ti kùn ún. Mo ronú láti kanlẹ̀kùn. N kò kanlẹ̀kùn.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi. Òkun ti fà, ọ̀nà òkúta gígùn tí wọ́n ń pè ní The Street ti yọ ní Tankerton, àwọn ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀ wọ àárín omi lọ. Mo ṣa ìkarahun títí ìbàdí fi ń ro mí. Mo tò wọ́n. Èyí tó wà lókè wó lẹ́ẹ̀mejì, mo tún un tò. Aago méje ìrọ̀lẹ́ ti lù, oòrùn ṣì wà lókè, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là náà kò fi bẹ́ẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n ó ń jó.

Obìnrin kan tó ń fa ajá kọjá. Irun rẹ̀ funfun, ọjọ́ orí wa lè dọ́gba. Ó ti kọjá mi tán kó tó dúró, ó yíjú padà, ó wo ìkarahun, ó wò mí. Ó tú báàgì rẹ̀ títí, ó rí pẹ́nì kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e síwájú ihò náà. Ó ní ọdún pọ̀ tí òun ti rí èyí. Mo ní kó ṣeun. Mo fẹ́ bi í ní òpópónà tó dàgbà sí, ọ̀rọ̀ náà kò jáde, ajá rẹ̀ sì ti ń fà á lọ.

Mo fi pẹ́nì rẹ̀ sínú agolo pẹ̀lú àwọn tó kù. Ọkọ̀ mi ti fẹ́ dé, mo sì fi àbẹ́là náà sílẹ̀ kó máa jó.