Ẹ ka bóòtù kẹ́ ẹ tó dè é: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí spésà àti ríìmù

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ mọ́tò, bóyá Mushin lẹ wà o, bóyá Peckham, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí lórí spésà, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sáàárín họ́ọ̀bù àti ríìmù kí táyà lè yọ síta díẹ̀.

Ọdún kejì mi ní gáréèjì kan ní Kent ni, kọ́sítọ́mà kan gbé BMW E46 wá, ó fẹ́ lọ sá a ní Brands Hatch, pápá ìsáré mọ́tò, lọ́jọ́ Sátidé, ó ní kí n fi spésà 10 mm sẹ́yìn. Mo fi í sí i, bóòtù tó bá mọ́tò wá náà ni mo fi dè é padà, ó le gbọingbọin lọ́wọ́ mi, mo ní iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Kò tíì sáré yípo márùn-ún tó fi gbọ́ tí ẹ̀yìn ń dún gbì-gbì ní Paddock Hill, kọ́nà tó já wálẹ̀ bíi kòtò yẹn, ló bá rọra gbé e jáde. Bóòtù méjì ti tú lápá òsì. Ọ̀tún ni wọ́n ń yà jù ní Brands, torí ẹ̀ apá òsì ló ń jìyà jù. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mi ò fi rí oorun sùn dáadáa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò le. Bóòtù E46 jẹ́ M12x1.5, tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, 1.5 mm ló wọlé. Spésà 10 mm ti gba yíyí mẹ́fà ó lé lọ lọ́wọ́ ẹ̀, bóyá mẹ́ta ló ṣẹ́ kù, mẹ́ta yẹn náà á sì le lọ́wọ́ yín bíi pé kò sí nǹkan kan! Bí spésà bá ṣe nípọn tó, bẹ́ẹ̀ ni bóòtù tuntun gbọ́dọ̀ fi gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọwọ́ lásán ni mo fi ń yí i báyìí, mò ń kà á sókè, tí ò bá pé mẹ́jọ, mi ò dè é. Ẹ má sì lọ ra èyí tó gùn jù o, ó lè lọ gún háńbíréèkì tó wà nínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn.

Ní ti ríìmù, kó ní ihò márùn-ún tó bára mu nìkan ò tó. BMW E39 àti E46, 5x120 làwọn méjèèjì, ìyẹn ihò bóòtù márùn-ún lórí òbìrí tó fẹ̀ tó 120 mm, àmọ́ ihò àárín E39 jẹ́ 74.1 mm, ti E46 jẹ́ 72.6, tẹ́ ẹ bá gbé ríìmù E39 wọ E46 láì fi òrùka dí àlàfo yẹn, sítíárìn á máa gbọ̀n, ẹ̀ẹ́ máa báláǹsì táyà títí láìrí ìdí ẹ̀. Ẹ fi wáyà bọ́rọ́ọ̀ṣì ha ìpẹtà ojú họ́ọ̀bù kúrò kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun lé e.

Fún títì Èkó, ríìmù 16 ínǹṣì tí táyà ẹ̀ ga díẹ̀ ni màá mú, 19 yẹn, kòtò kan ṣoṣo ló máa ká a. Fún ibi ìsáré, ríìmù tó fúyẹ́ tó sì gba bíréèkì ńlá láyè ni kẹ́ ẹ wá. Èyí tí wọ́n ti fi wẹ́dà jó rí, ẹ má gbé e débẹ̀ rárá, mi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹni tó jó o mọṣẹ́.

Torque wrench, spánà tó ń wọn bí ẹ ṣe de bóòtù le tó, ni kẹ́ ẹ fi parí ẹ̀, 120 Nm fún E46, kẹ́ ẹ sì tún un yẹ̀ wò tó bá rìn tó 80 km. Kọ́sítọ́mà yẹn ṣì ń gbé mọ́tò ẹ̀ wá bá mi, á dúró tì mí, àwa méjèèjì la jọ máa ń kà á, ení, èjì, ẹ̀ta, títí ó fi pé mẹ́jọ.