Àlè kọ́ ni wọ́n fi kọ́ ilẹ̀kùn mi

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo kó dé Stuttgart, ní Jámánì, ni mo ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, tí mo bá pátákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀: Kehrwoche. Kí n má parọ́ fún yín, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹsẹ̀ mi dúró sójú kan. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, tí wọ́n bá so nǹkan kọ́ ẹnu ọ̀nà èèyàn láìsọ̀rọ̀, a kì í fọwọ́ kàn án ká tó bi àgbà léèrè. Mo rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tó ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ó ní àlè kọ́, ọ̀sẹ̀ ìgbálẹ̀ mi ló kàn: àtẹ̀gùn láti ẹnu ọ̀nà mi lọ sísàlẹ̀, títí dé iwájú ilé, èmi ni n ó gbá a, èmi ni n ó nù ún. Tí mo bá ṣe é tán, kí n gbé pátákó náà lọ kọ́ ilẹ̀kùn ẹni tó tẹ̀ lé mi.

Àṣà àwọn ará Swabia ni, àwọn tó ni agbègbè Stuttgart. Wọ́n máa ń tọpa rẹ̀ lọ sí òfin ìlú tó jáde lọ́dún 1492 láyé Eberhard, olórí Württemberg, pé kí oníkálukú máa kó ìdọ̀tí ara rẹ̀ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi gbálẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo nù ún, inú mi ń dùn sí ara mi. Ìyá àgbà tó ń gbé ìsàlẹ̀ jáde wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka fa igun àtẹ̀gùn kan, ó gbé ìka náà sókè níwájú mi. Eruku. Kò bú mi, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan jáde, ó ní igun ni kí n máa fi ṣe. Búrọ́ọ̀ṣì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ máa ń bi mí ohun tí ẹ máa kó dání tí ẹ bá ń bọ̀. Aṣọ òtútù, ẹ óò rà á níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ tọ́jú ni Yorùbá ẹnu yín. Àwọn fídíò tí mo wò kí n tó kúrò nílé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wí: ará Jámánì kì í rẹ́rìn-ín, ara wọn ò yá mọ́ọ̀yàn, òfin ni wọ́n ń jẹ, òfin ni wọ́n ń mu. Mo fi gbogbo ìyẹn dí etí mi lọ. Ọdún mẹ́jọ rèé, méjì fún ẹ̀kọ́ ní Leipzig, ìyókù fún iṣẹ́, ìgbà tí mo sì dáwọ́ dúró tí mo yéé fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ wọn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi.

Ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo wọ yàrá tí wọ́n ti ń dúró, èèyàn bíi mẹ́fà wà níbẹ̀, mo jókòó, mo gbé fóònù mi. Bàbá kan wọlé lẹ́yìn mi, ó ní "Guten Tag", gbogbo yàrá dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n pè é, ó dìde, ó kí wọn pé ó dàbọ̀, wọ́n tún dá a lóhùn. Kò sẹ́ni tó mọ ẹnì kejì rẹ̀ nínú wọn. Èmi tí wọ́n fi ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ tọ́ dàgbà, èmi nìkan ni mo wọlé bí ewúrẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fetí sílẹ̀. Àwa ní "ẹ kú": ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìjókòó. Àwọn ní "schön", tó túmọ̀ sí "dára". Schönen Tag, schönen Abend. Tó bá ti di ọ̀sán Fúráìdé, schönes Wochenende. Tí ọdún bá ń bọ̀, schöne Feiertage. Ẹni tó parí iṣẹ́ òòjọ́ tó ń gbé báàgì rẹ̀, schönen Feierabend ni ti ẹni yẹn. Lọ́wọ́ ọ̀sán níbi iṣẹ́, wọn a ní "Mahlzeit". Oúnjẹ ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkíni ni, bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ ni kí ẹ dá a padà, ẹ má wá bi wọ́n pé oúnjẹ wo, bí èmi ṣe ṣe. Ní Hamburg àti etí òkun àríwá, "Moin" ni láàárọ̀, "Moin" náà ni lálẹ́. Ní Bavaria, "Grüß Gott". Ìkíni kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ yá: ti ọjọ́ ìbí. Mo kí ẹlẹgbẹ́ mi kan lọ́jọ́ Fúráìdé nítorí pé Sọ́ńdè ni ọjọ́ ìbí rẹ̀ bọ́ sí, obìnrin náà fa ara sẹ́yìn bíi pé mo ṣépè fún un. Wọ́n gbà pé kíkí ṣáájú ọjọ́ ń fa aburú. Ẹni tó ń ṣọjọ́ ìbí náà ló sì máa gbé kéèkì wá síbi iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má jókòó kí ẹ máa retí pé wọ́n á ṣe é fún yín.

Du ni "ìwọ", Sie ni "ẹ̀yin". Gẹ̀ẹ́sì ò lè la ìyẹn yé ẹnikẹ́ni, àwa kò sì nílò àlàyé. Ṣùgbọ́n ẹ rọra, torí pé níbẹ̀ ni mo ti ṣubú. Lọ́dọ̀ wa, àgbà ń fi "ìwọ" pe ọmọdé, ọmọdé ń fi "ẹ̀yin" pe àgbà. Lọ́dọ̀ wọn, ohun tí mo bá pè ọ́ ni wàá pè mí. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ mi ní Leipzig lé ní ọgọ́ta ọdún, Sie ló ń pe èmi ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ara mi a sì máa ta gìrì. Ní Stuttgart, ọ̀gá kan tó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì na ọwọ́ sí mi lọ́jọ́ kẹta, ó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, ó ní ká máa pe ara wa ní du. Àgbà tàbí ọ̀gá ló ń fún èèyàn láyè yẹn. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ lò ó. Mo gbà, ẹnu mi ló kọ̀. Odindi oṣù kan ni mo fi ń wá gbólóhùn tí kò ní "ìwọ" nínú. N ò ní bi í pé ṣé o fẹ́ kọfí, màá ní ṣé kọfí ṣì wà. Ọjọ́ kan ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi mí bóyá òun ṣẹ̀ mí. Ojú tì mí. Ẹni tí wọ́n bá fún ní du tó ń sá fún un, ìjìnnà ló ń wá, bí wọ́n ṣe ń kà á nìyẹn.

Aago wọn náà, Yorùbá ló tú u. Ẹnì kan pè mí sí oúnjẹ àárọ̀ Sọ́ńdè, ó ní halb neun. Gẹ̀ẹ́sì inú orí mi kà á sí mẹ́sàn-án ààbọ̀. Mẹ́jọ ààbọ̀ ni. Ìgbà tí mo dé, wọ́n ti jẹ tiwọn tán, wọ́n fi àwo bo tèmi, ẹyin inú rẹ̀ ti tutù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: a kì í pe 25 ní márùn-ún tó lé ogún, ọgbọ̀n tó wà níwájú là ń wò, a ní ó dín márùn-ún. Bí àwọn náà ṣe ń wo aago mẹ́sàn-án nìyẹn, pé ó ku ààbọ̀. Oǹkà ńkọ́? Vierundzwanzig, mẹ́rin lórí ogún, mẹ́rìnlélógún gẹ́lẹ́. Ọmọ Amẹ́ríkà tó ń jókòó tì mí ní kíláàsì èdè a máa kọ 42 sílẹ̀, a sì máa bínú sí tíṣà. Èmi ò ṣe àṣìṣe yẹn rí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọkọ̀ ojú irin wọn kì í pẹ́. Ó ń pẹ́. Èèyàn ni kò gbọdọ̀ pẹ́. Ní yunifásítì nìkan lẹ ti máa rí ìdẹ̀ra: tí wọ́n bá kọ c.t. sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò kíláàsì, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ s.t. ni, lójú aago gan-an ni yóò bẹ̀rẹ̀, ẹ tètè sáré.

Ibi tí Yorùbá mi ò ti lè gbà mí ni ọ̀rọ̀ ìwé. Tí ọ̀rọ̀ bá wúwo lọ́dọ̀ wa, wọn á pe èèyàn, tàbí kí wọ́n rán ẹnì kan sí i. Ní Jámánì, lẹ́tà ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ bá kó wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ lọ fi àdírẹ́sì yín sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú tí wọ́n ń pè ní Bürgeramt, pẹ̀lú ìwé tí onílé bu ọwọ́ lù pé òótọ́ lẹ ti ń gbébẹ̀. Kí ẹ tó ṣe ìyẹn rárá, ẹ kọ orúkọ yín sára àpótí lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ ilé ni yàrá rẹ̀ ò ní nọ́ńbà, orúkọ ni ẹni tó ń pín lẹ́tà ń wò, tí kò bá rí i, á dá a padà síbi tó ti wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni káàdì báńkì mi padà lọ kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá bá lẹ́tà tí àpò rẹ̀ yẹ́lò, tí wọ́n kọ ọjọ́ sí lára, ẹ má gbé e sórí fìríìjì. Ọjọ́ tí wọ́n jù ú sínú àpótí ni òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ẹ ṣí i o, ẹ ò ṣí i o. Tó bá jẹ́ ti owó ìtanràn, ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ ní láti ta kò ó.

Tèmi ò tilẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀, òmùgọ̀ lásán ni. Lẹ́tà ń wá léraléra nípa Rundfunkbeitrag, owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. N ò ní rédíò, n ò ní tẹlifíṣọ̀n, mo ní gbájú-ẹ̀ ni wọ́n, mò ń kó wọn sínú dúrọ́ọ̀. N ò mọ̀ pé ilé ni wọ́n ń gba owó náà lé lórí, ì báà jẹ́ pé àga kan ṣoṣo lẹ ní nínú rẹ̀, 18.36 yúrò ni lóṣù láti 2021. Nígbà tí mo fi máa ṣí dúrọ́ọ̀, ti ọdún kan ààbọ̀ ti wà ńlẹ̀, owó ìjìyà sì ti gùn ún lẹ́yìn. Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta nínú ilé kan, owó kan ṣoṣo ni, ẹ pín in láàárín ara yín.

Sọ́ńdè ò gba àlàyé púpọ̀. Ṣọ́ọ̀bù á tì. Ìsinmi ọjọ́ náà wà nínú òfin ìpìlẹ̀ wọn, látinú òfin ìpìlẹ̀ Weimar, ti Jámánì àtijọ́, ọdún 1919 ni wọ́n ti gbé e wá. Ẹ ra oúnjẹ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ má kan ìṣó, ẹ má kó ìgò lọ dà sínú àpótí ìgò, ẹ má sì gún iyán. Mo gún un lẹ́ẹ̀kan, ọmọ odó ò tíì dúró tí ìyá àgbà ìsàlẹ̀ fi kanlẹ̀kùn. Ó bínú, ó sì jẹ nínú rẹ̀.

Níbi iṣẹ́, ohun tó máa kọ́kọ́ dà yín láàmú ni pé kò sẹ́ni tó máa yìn yín. Àwọn ará Swabia ní òwe kan fún un, "Net gschimpft isch gnug globt": tí wọn ò bá ti bú ọ, wọ́n ti yìn ọ́ tó. Oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi dán mi wò, ojoojúmọ́ ni mo rò pé wọ́n fẹ́ lé mi. Ọ̀gá mi a kàn ní "passt", ó bá a mu, á sì yí padà. Ìyìn tó ga nìyẹn. Tí ara yín ò bá yá, ẹ pè wọ́n láàárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dúró sílé. Mo wú ikọ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, mo rò pé wọ́n á kí mi kú ìforítì, wọ́n lé mi padà bí ẹni tó gbé àrùn wọ̀lú. Òfin ní kí wọ́n máa san owó oṣù èèyàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó bá ń ṣàìsàn, nítorí náà kò sí ìdí fún akin.

Ìgbà tí mo fi ibi iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn sílẹ̀, wọ́n fún mi ní Zeugnis, ìwé ẹ̀rí tí òfin ní kí wọ́n kọ fún òṣìṣẹ́ tó ń lọ. Wọ́n kọ ọ́ pé mo ṣiṣẹ́ "zu unserer Zufriedenheit", pé iṣẹ́ mi tẹ́ wọn lọ́rùn. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi lórí fóònù, ó gbàdúrà fún mi. Bàbá yìí kan náà ló ti bá mi kẹ́dùn nígbà tí mo gba 1.3 nílé ẹ̀kọ́, tí kò mọ̀ pé 1.0 ló ga jù níbẹ̀, pé 4.0 tí a fi ń yọ̀ ní Nàìjíríà ni ẹni tó fi díẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìfìdírẹmi ń gbà. Ọ̀rẹ́ mi tó sọ̀rọ̀ pátákó ìjọ́sí ka ìwé náà, ó bi mí pé, "Ṣé ẹ jà ni?"

Ẹnà ni. Òfin kò jẹ́ kí ọ̀gá kọ ohun tó máa dí èèyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ mìíràn, òfin náà sì ní kí wọ́n má fi ẹnà pamọ́ sínú ìwé, síbẹ̀ gbogbo wọn ló ń fọ̀ ọ́. Stets ni "nígbà gbogbo", vollen ni "pátápátá", vollsten sì tún ga ju vollen lọ. "Stets zu unserer vollsten Zufriedenheit" ni máàkì àkọ́kọ́. "Stets zu unserer vollen" ni ìkejì. Tí stets bá yọ, ìkẹta. Tèmi, tí kò ní stets tí kò ní vollen, ìkẹrin ni. Èyí tó burú jù ni "hat sich bemüht", ó gbìyànjú. Ohun tí ìyá mi fi ń yin èèyàn nìyẹn o! Ẹ tún wo ìparí ìwé náà, bóyá wọ́n dúpẹ́, bóyá wọ́n ní àwọn kẹ́dùn pé ẹ ń lọ. Tí wọn ò bá sọ ọ́, ẹni tó máa gbà yín síṣẹ́ á ti gbọ́ ohun tí wọn ò sọ.

Mo kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n tún un ṣe, nítorí ààyè wà fún èèyàn láti béèrè. Mo kó ẹ̀rí iṣẹ́ tí mo ṣe tì í, n ò bínú, n ò bẹ̀bẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo bá àpò ńlá kan nínú àpótí lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n fi kún un, stets àti vollen. Ìwé yẹn ni mo fi gba iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí.