Ojú mi ti fò lọ, ara mi ṣì jókòó ní Sùúrùlérè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí láti bí ọ̀sẹ̀ méjì pé irú dróònù wo ni mo fi ya fídíò ìgbéyàwó yẹn, èyí tó wọlé láti géètì tó gba abẹ́ kánópì kọjá tó yà sẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn alásè tó tún gba ojú fèrèsé wọ họ́ọ̀lù tó wá lọ bá ìyàwó níbi tó jókòó sí, láìgé níbì kankan, ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan kí DM mi lè sinmi. Avata 2 ni, ti iléeṣẹ́ DJI. Àmọ́ ká ní àbúrò mi ò di ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì mi mú lọ́jọ́ yẹn ni, ọ̀rọ̀ mi ì bá ti di ti ọsibítù, ẹ ì bá máa bi mí ní irú bẹ́ẹ̀dì tí mo sùn lé.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n: dróònù tí gbogbo wa mọ̀, èyí tó máa ń ga lọ sókè tó máa dúró pa bí àwòdì tó ń wá òròmọdìẹ, ìyẹn ò le. Ẹ máa wo fóònù, ẹ máa rọra ti igi kékeré, ó ń lọ. FPV (first-person view, fífi ojú dróònù fúnra ẹ̀ ríran), irú èyí tí Avata 2 jẹ́, yàtọ̀. Awò ńlá kan báyìí lẹ máa dé mọ́jú, goggles, á bo ojú yín pátápátá, ohun tí kámẹ́rà bá ń rí nìkan lẹ̀yin náà á máa rí, bí ẹni pé wọ́n gbé yín jókòó sínú orí ẹyẹ. Tí ẹyẹ bá yí, ikùn yín náà á yí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé e, pápá iléèwé kan ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta ni, ọ̀sán Sunday, mi ò tíì lo ìṣẹ́jú méjì tí mo ti jókòó sórí iyanrìn tí mò ń wá ibi tí màá bì sí. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ní bọ̀ọ́dà yìí ti mutí. Látọjọ́ náà mi ò fò ó lórí ìdúró mọ́, àga rọ́bà mi máa ń bá mi lọ síbi iṣẹ́ bí ti ìyá alákàrà.

Oṣù mẹ́ta gbáko ló jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà nìkan ni mo ti ń fò. Géèmù kan wà tó ń jẹ́ Liftoff, òmíì ń jẹ́ VelociDrone, rìmóòtù gidi lẹ máa so mọ́ kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ ó máa fi kọ́ ọ, ẹ lè já bọ́ nígbà ẹgbẹ̀rún, kò ní ná yín ní kọ́bọ̀, àfi owó epo jẹ́ẹ̀n ṣá torí iná ò ní sí. Ẹ má fojú di í o. Ọ̀nà fífò méjì ló wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Nínú Normal, èyí tó rọrùn, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sílẹ̀ dróònù á dúró jẹ́ẹ́ síbi tó wà. Nínú Manual, èyí tó jẹ́ ọwọ́ yín nìkan ló ń darí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sápá òsì tẹ́ ẹ fọwọ́ sílẹ̀, bó ṣe tẹ̀ yẹn lá máa lọ títí á fi rí ògiri. Rìmóòtù kékeré ọlọ́wọ́ kan tí wọ́n ń tà mọ́ Avata 2, èyí tó jẹ́ pé ọrùn ọwọ́ lẹ kàn máa yí, ó dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá á mọ̀ ọ́n lò kílẹ̀ tó ṣú, àmọ́ kò lè gbé yín wọ Manual, rìmóòtù onígi méjì lẹ máa lọ rà lọ́tọ̀. Owó ńlá ni. Ẹ má bínú.

Kí ló dé tí mo fi mú èyí tó kéré? Páátì Èkó ni mò ń yà, ó tán. Kí Avata àkọ́kọ́ tó dé lọ́dún 2022, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fúnra wọn ló ń jó wáyà pọ̀, wọ́n á so GoPro, kámẹ́rà kékeré kan, mọ́ ọn lórí, cinewhoop ni wọ́n ń pè é. Ohun tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ ni ike róbótó tó yí abẹ̀bẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, tó fi jẹ́ pé tó bá fara gbá ògiri, lọ́pọ̀ ìgbà á kàn ta padà ni. Ike yẹn ti wà lára Avata láti ilé tí wọ́n ti ṣe é. Avata 2, ti 2024, gíráàmù 377 ni, kò tó ìdajì kílò. DJI Neo tó jáde lọ́dún 2024 kan náà, gíráàmù 135 péré, á jókòó sí àtẹ́lẹwọ́, nínú pálọ̀ ó dáa gan-an, àmọ́ ẹ gbé e dé etí ọ̀sà kẹ́ ẹ wo bí atẹ́gùn á ṣe máa bá yín fi ṣeré. Èyí tí orúkọ ẹ̀ gan-an ń jẹ́ DJI FPV, ti 2021, ńkọ́? Ìyẹn lè sá 140 kìlómítà ní wákàtí kan nínú Manual, ìta gbangba ni kó máa gbé, ẹni tó bá gbé e wọ họ́ọ̀lù tí ìyá àgbà jókòó sí ń wá ẹjọ́. Ẹ tún mọ̀ pé ojú tí Avata 2 fi ń mọ ibi tó wà, abẹ́ àti ẹ̀yìn ló wà o. Tẹ́ ẹ bá forí ẹ̀ lé òpó, òpó ló máa dá a dúró.

Àṣìṣe tí mo ṣe fún ọ̀pọ̀ oṣù ni eré sísá. Mo rò pé kí n ṣáà máa sá, fídíò á dùn. Kámẹ́rà yìí gbòòrò, ìwọ̀n dígírì 155 ló ń rí, ohun tó bá jìnnà á dà bí pé ó tún jìnnà ju bó ṣe wà lọ, èyí tó bá sún mọ́ etí ẹ̀ á sì máa já wìì kọjá. Torí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi gbogbo agbára fò lókè pápá òfìfo, nínú fídíò á dà bí pé ẹ ò kúrò lójú kan. Àmọ́ ẹ rọra wá, bí ẹni tó ń yára rìn lọ bá bọ́ọ̀sì, láàárín àga méjì, kó ku díẹ̀ kó kan ilẹ̀, ẹni tó ń wò ó á di àga tiẹ̀ mú. Ohun tó wà nítòsí ló ń bá yín sáré. Òpó kánópì, cooler ìrẹsì, ẹsẹ̀ àwọn onílù, gèlè tó ga bí àpáta Olúmọ, gbogbo ẹ̀ ni mò ń lò. Kò sí ibi tó dáa fún iṣẹ́ yìí bí òde Yorùbá, níbi tí nǹkan gbogbo ti ń gún ara wọn ní ìgúnpá.

Iná họ́ọ̀lù náà ní tiẹ̀. Iná tiwa nílẹ̀ yìí, 50 Hz ni, ìyẹn ni pé ó ń yí lẹ́ẹ̀ 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà shutter mi, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń lajú fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, máa ń wà ní 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá, tí mo bá gbé e síbòmíì, àwọn gílóòbù LED á máa ṣẹ́jú nínú fídíò bí ẹni tí iyanrìn kó sí lójú. Tó bá wá di jẹ́ẹ̀n tó ń ṣe wúkẹ́wúkẹ́, àdúrà ló kù.

Ohùn ńkọ́? Ariwo abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ dà bí agbọ́n mẹ́wàá nínú agolo, kò sóhun tẹ́ ẹ lè rí lò níbẹ̀. Fídíò kan gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan lọ́dún 2021, Minneapolis l'Amẹ́ríkà ni wọ́n ti yà á, nínú ilé tí wọ́n ti ń gbá bowling (eré tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù lu igi), dróònù kékeré wọlé látìta, ó ń gba àárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, ó wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ lọ́hùn-ún, láìgé. Gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń gbọ́ nínú ẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n yà á tán ni wọ́n fi kún un. Ibẹ̀ ni mo ti jí i kọ́. Àbúrò mi máa ń fi fóònù gba ìlù dùndún sílẹ̀, ìró ṣíbí lára ìkòkò, ẹ̀rín àwọn ìyá, lálẹ́ màá wá tò ó sábẹ́ àwòrán.

Ó yá, ọjọ́ yẹn gan-an. Aago méje àárọ̀ la ti débẹ̀, kí àlejò kankan tó dé mo ti fẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀mẹrin, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí dróònù ṣe máa ṣe, àwọn tó ń ta kánópì ń wò mí bí ẹni tó sọ owó nù. Mo bẹ ọ̀gá àwọn alásè kí wọ́n bá mi sún ìkòkò kan nítorí èéfín. Ó ní, "Ṣé òun náà á jẹ ìrẹsì ni?" Ó sún un ṣá.

Fífò àkọ́kọ́, ẹ̀tẹ́ ni. Wọ́n ti ń náwó fún ìyàwó (ẹ má bá mi jà, mo mọ̀ pé òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 lòdì sí i, ẹ lọ bá ẹni tó ń ná an), mo gbé dróònù kọjá lórí owó tó wà nílẹ̀, atẹ́gùn abẹ̀bẹ̀ fọ́n gbogbo ẹ̀ ká, igba náírà ń fò bí ewé, àwọn ọmọdé bú sáré, obìnrin tó ń bá wọn ṣa owó sínú àpò náà bú sáré, ìyá ìyàwó ní kí n gbé agbọ́n mi jìnnà sí ọmọ òun.

Ẹ̀ẹ̀kejì lèyí tẹ́ ẹ rí. Mo jókòó sórí àga mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, goggles bo ojú, mo wọlé, mo gba abẹ́ kánópì, mo yà, mo ti gba ojú fèrèsé wọlé, mo ń sún mọ́ kéèkì, àfi bí àga ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi lọ. Ojú mi ń lọ síwájú, ìdí mi ń lọ sẹ́yìn. Mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹni tí irú ẹ̀ ò tíì ṣe rí. Bọ́ọ̀sì tó kó àwọn aláṣọ ẹbí wá ló ń fẹ̀yìn rìn bọ̀ lórí mi, dẹ́rẹ́bà ń wo apá ibòmíì, àbúrò mi kígbe títí kò gbọ́, ló bá di ṣẹ́ẹ̀tì mi mú tàga-tàga, ó wọ́ mi bí àpò gààrí. Kò ní kí n bọ́ goggles o. Ohun tó ń sọ sí mi létí ni "Ẹ máa fò, bọ̀ọ́dà mi, ẹ máa fò, mo ti mú yín." Mo ń fò. Ìmìtìtì díẹ̀ tẹ́ ẹ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèkì yẹn, tí ẹnì kan kọ sí mi pé "bọ̀ọ́dà, style yẹn pa mí", bọ́ọ̀sì ni.

Alákàn ń fojú ṣọ́rí, èmi ti fi tèmi ránṣẹ́ wọ họ́ọ̀lù. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń bi mí ní bátìrì mélòó (mẹ́ta ni, wọ́n ní ìṣẹ́jú 23 ni ọ̀kan lè lò, èmi máa ń rí bíi 15), ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa bi mí náà pé ta ló dúró tì mí. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó iṣẹ́ ni mò ń fún àbúrò mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ó ti pọ̀ jù, mo ní kó wá jókòó sídìí bọ́ọ̀sì.

Ọ̀rọ̀ ìwé: NCAA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfurufú nílẹ̀ yìí, ní àṣẹ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbà, ti ONSA, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò, náà wà níbẹ̀, ẹ lọ ṣe é kẹ́ ẹ tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi ò gba iṣẹ́ ìta gbangba kankan nítòsí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, iye yòówù kí wọ́n pè é. Àwọn ọmọ àdúgbò lọ́jọ́ yẹn náà ní òfurufú òpópónà yẹn, àwọn ló ni ín, a bá wọn yanjú ẹ̀.

Mo rò pé ó ti parí. Ní ọjọ́ kẹta mo gbé fídíò lọ fún ìyá ìyàwó nílé wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n ní kí n tún un tàn. Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ní "Dá a dúró." Wọ́n nawọ́ sí i. Lẹ́yìn cooler ìrẹsì, àǹtí kan ń di ẹran sínú ọ̀rá, ó sì gbójú sókè wo kámẹ́rà kòró. "Yọ ìyẹn kúrò." Mo ní Mummy, adùn ẹ̀ ni pé a ò gé e níbì kankan, tí mo bá yọ ibẹ̀, ó di fídíò méjì. Wọ́n ní àwọn ò mọ ìyẹn, àbúrò àwọn ni. Mo padà sílé, mo kọ orúkọ ọkọ àtìyàwó ní lẹ́tà wúrà gbàgàdà-gbagada sí ibi ìṣẹ́jú àáyá méjì yẹn, ó bò wọ́n láti gèlè dé ọ̀rá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè pé kí ló dé tí orúkọ wọn fi jáde níbi ìdáná, ìdí ẹ̀ nìyẹn.