Ohun tí Pazhwak kọ́ mi kí n tó parí prójẹ́ẹ̀tì mi

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gá tó ń bójú tó prójẹ́ẹ̀tì mi dá orí kìíní padà fún mi. Lẹ́ẹ̀kìíní, ọ̀rọ̀ méjì péré ló fi bíírò pupa kọ sókè ìwé náà: "Oríkì lèyí." Ẹ̀yin àbúrò mi, ó dùn mí débi pé n kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ìgbà tí mo tún un kà ni mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Mo ti ki Abdul Rahman Pazhwak bí onílù ṣe ń ki olówó níbi ìnáwó: ọmọ Ghazni tí wọ́n bí ní 1919, akéwì, aṣojú Afganístàn ní New York láti 1958, Ààrẹ Àpéjọ Gbogbogbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1966. Odindi ojú ewé méjì ni mo fi ṣàlàyé orúkọ rẹ̀ nìkan, nítorí pé gbohùngbohùn ni Pazhwak túmọ̀ sí, ohùn tí òkè ń dá padà. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀. Ṣùgbọ́n n kò sọ ohun tí ọkùnrin náà ń wá kiri ayé.

Ọ̀gá mi ní, "Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù. Ta ló rán an? Kí ni wọ́n rán an?"

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1893, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Íńdíà àti ọba Afganístàn fọwọ́ sí ààlà kan tó la àárín àwọn Pashtun kọjá, ẹ̀yà kan tó wá wà ní ìhà méjèèjì ààlà náà. Ẹni tó bá mọ bí ààlà ṣe ya Kétu kúrò lára Ìmẹ̀kọ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Nígbà tí Pakístàn di orílẹ̀-èdè ní 1947 tó sì fẹ́ wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, Afganístàn nìkan ló dìbò pé kò gbọ́dọ̀ wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fa ìbò náà padà lẹ́yìn náà. Ohun tí ìjọba Afganístàn ní Kabul, olú-ìlú wọn, ń sọ ni pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn Pashtun tó wà lódìkejì ààlà pinnu ibi tí wọ́n fẹ́ wà.

Ní 1950, Afganístàn àti Saudi Arabia gbé àbá kan kalẹ̀ ní Àpéjọ Gbogbogbò: kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wá ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn yóò fi ní ẹ̀tọ́ láti pinnu ọ̀nà tara wọn. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń mú ilẹ̀ mìíràn sìn kò fẹ́ gbọ́. Ẹ rántí pé Nàìjíríà kò tíì ní àga níbẹ̀ nígbà náà. Abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì la wà. Pazhwak sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ náà pọ̀n jálẹ̀ àwọn ọdún yẹn, ìpàdé dé ìpàdé.

Nígbà tí mo so ọ̀rọ̀ ààlà àti àbá náà pọ̀, inú bí mi sí i. Mo ní: àṣé torí ilẹ̀ ni! Mo tún orí kìíní kọ bí ìwé ẹ̀sùn. Ọ̀gá mi tún dá a padà. Ó ní kí n lọ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí. Mo lọ wò ó. Ní 16 December 1966, Àpéjọ Gbogbogbò fọwọ́ sí àdéhùn ńlá méjì lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ìbò 105 fún ọ̀kan, 106 fún èkejì, ẹnikẹ́ni kò sì dìbò takò wọ́n. Abala kìíní àdéhùn méjèèjì, ohun kan náà ló sọ: gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ láti pinnu ọ̀nà tara wọn. Ta ló wà lórí àga? Pazhwak. Ọdún mẹ́rìndínlógún fún gbólóhùn kan! Ìgbà náà ni mo jáwọ́ nínú àtiyan ọ̀kan nínú oríkì àti ẹ̀sùn. Torí ilẹ̀ ni, òtítọ́ sì ni.

Nǹkan mìíràn tí mo ṣe tí kò dára ni pé ọ̀rọ̀ àsọyé nìkan ni mo ń wá. Ẹni tó bá wà lórí àga ààrẹ kì í jà. Ó ń pe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ó ń pa òfin ìjókòó mọ́, ó ń ka ìbò. Ní 27 October ọdún yẹn kan náà, Àpéjọ gba àṣẹ ìṣàkóso Nàmíbíà kúrò lọ́wọ́ Gúúsù Áfíríkà, ìbò 114 sí 2. Àkọsílẹ̀ ìjókòó, tí gbogbo wa ń sá fún torí pé kò dùn kà, ni ẹ ó ti rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Vietnam. Ní June 1963, Thich Quang Duc, mọ́ǹkì ẹlẹ́sìn Búdà, dáná sun ara rẹ̀ ní ìta gbangba ní Saigon láti takò bí ìjọba ṣe ń ni àwọn ẹlẹ́sìn Búdà lára. Nígbà tí ariwo pọ̀, ìjọba Ngo Dinh Diem, ààrẹ Gúúsù Vietnam, ní kí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wá fi ojú ara wọn rí i. Ní October, aṣojú orílẹ̀-èdè méje lọ, Pazhwak sì ni olórí wọn. Wọ́n bá àwọn mọ́ǹkì sọ̀rọ̀, wọ́n bá ìjọba sọ̀rọ̀, wọ́n bá àwọn tí wọ́n tì mọ́lé sọ̀rọ̀. Ní 1 November, àwọn ológun dìtẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pa Diem. Ẹni tó pè wọ́n lálejò kú kí àlejò tó di ẹrù.

Ìròyìn tí wọ́n gbé dé New York, ẹ̀rí tí wọ́n gbọ́ ló kún inú rẹ̀, bí àwọn tó jẹ́rìí ṣe sọ ọ́. Wọn kò dájọ́. Mo kọ́kọ́ pè é ní ojo. Àfi ìgbà tí mo wo orí kẹrin tèmi, níbi tí mo ti fi ọ̀rọ̀ ara mi sẹ́nu àwọn tí mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, tí mo sì ń pè é ní àkótán. Gbogbo rẹ̀ ni mo pa rẹ́. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti tún tẹ́tí sí ohun tí mo gbà sílẹ̀ lórí fóònù.

Mo tún fojú fo orúkọ àwọn méje náà bí ẹni ń ka orúkọ ìbùdókọ̀. Ọ̀gá mi ló béèrè pé ta ni ará ilé wa níbẹ̀. Dahomey, tó di Benin lónìí, ti rán Louis Ignacio-Pinto, ọmọ Àjàṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ Àgùdà, tó wá di adájọ́ ilé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague ní 1970. Ó wà lójú ewé tí mo ti kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Lórí ìparí ayé Pazhwak, mo ṣì ń bá ara mi jiyàn. Lọ́ńdọ̀nù ló ti ń ṣe aṣojú nígbà tí àwọn kọ́múníìsì gbàjọba ní Kabul ní April 1978. Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó sì padà sílé. Wọ́n tì í mọ́ inú ilé rẹ̀. Ní 1982 ni wọ́n tó jẹ́ kó jáde lọ gba ìtọ́jú, ó sì forí lé Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà. Bí mo bá wà nípò rẹ̀, n kò ní kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀gá mi ní ìdí nìyẹn tí wọn kò fi ní kọ prójẹ́ẹ̀tì lórí mi.

Nígbà tó dàgbà, ó padà sí apá ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò dé Kabul. Peshawar ló ń gbé, ní ilẹ̀ Pashtun tó wà lábẹ́ Pakístàn, lódìkejì ààlà tó fi gbogbo ìgbà iṣẹ́ rẹ̀ bá jà. Ibẹ̀ ló kú sí ní June 1995.